Ráútà kékeré 800W lórí ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì: ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilà sára pákó, ni à ń sọ: kékeré aláfọwọ́kanmú tó pọ̀ lọ́jà, tí kò ní orúkọ gidi lára: 800W, ẹnu rẹ̀ gba bíìtì (irin tó ń gé pákó) 1/4 ínṣì. Iṣẹ́ tí a fi dán an wò ni ilẹ̀kùn MDF (pákó tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gáàmù tẹ̀ pọ̀) 18mm mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ilà V tó yí ojú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ká.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ wáàtì sílẹ̀. Ìdè tó ń di mọ́tò mú nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bíìtì V oní-90° tó bá wọ pákó ní 3mm, ojú ilà á fẹ̀ ní 6mm. Bí ìdè bá yọ̀ tí bíìtì fi 0.5mm péré wọlẹ̀ sí i, ilà ti di 7mm nìyẹn, ẹni tó ń fọ abọ́ nídìí síìnkì á rí i pé apá kan sanra ju èkejì lọ. Ráútà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀kùn kẹta: bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n ni ìdè ń tú. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù fa ilà kan kọjá lára mọ́tò àti ẹsẹ̀ papọ̀. Bí ilà náà bá ti já síra, ẹ paná.

Ọ̀pá ìtọ́sọ́nà inú páálí rẹ̀ kò wúlò, ó ń tẹ̀. Pákó plywood tó gún régé àti kíláǹpù méjì ló dára jù. Bí ẹ bá ń ti ráútà síwájú, kí pákó yẹn wà lọ́wọ́ òsì yín, torí ibẹ̀ ni bíìtì fúnra rẹ̀ ń fà sí. Bó bá wà lọ́tùn-ún, ráútà á sá kúrò lára rẹ̀, ilà á sì wọ́. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì: 2mm, lẹ́yìn náà 1mm tó kù. Ẹ má dúró mí níbi ìgun o, MDF á jó, á dúdú. Ìgun ìta máa ń yípo díẹ̀. Chisel tó mú ló ń sọ ọ́ di ṣónṣó.

Kí ilà jìnnà sí etí tó 60mm. Ihò híǹjì 35mm tí a ń lu lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń gba nǹkan bí 40mm láti etí, ó sì ń jìn tó 12mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilà 3mm bá kọjá lórí rẹ̀, pákó tó kù láàárín kò ju 3mm lọ, yóò là lọ́jọ́ kan.

Bíìtì 6mm kò gbọdọ̀ wọ ẹnu 1/4 ínṣì, nítorí 6.35mm ni ẹnu yẹn. Á jọ pé ó dì í mú, àfi ìgbà tó bá ń yọ́ sísàlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá ti bíìtì kan ìsàlẹ̀, ẹ fà á padà ní 2mm kí ẹ tó fún un. Sípánà tó bá a wá rọ̀ bí ṣúínǹgọ́ọ̀mù, ẹ wá òmíràn. Jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" kò lè gbé e: yíyí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, inú ilà á sì hu irun.

Irun yẹn ṣì máa ń yọ díẹ̀ nígbà tí iná bá pé pàápàá, torí àárín MDF rọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, ó sì ń mu ọ̀dà. Ẹ po gáàmù Top Bond mọ́ omi ní ìlàjì-ìlàjì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ sínú ilà, kó gbẹ, kí ẹ wá ká sáńdípépà 240 sí méjì láti fi ha á. Ẹ kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, kó má baà tẹ̀. Ìbòmú N95 ni kí ẹ lò. Lẹ́búlẹ́bú MDF kò ṣeé fà símú.

Fún kíṣìnnì kan, ráútà yìí tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi jẹun kó ra Makita RT0700C: 710W péré ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá so ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sí ni yóò wà.