Ọkọ̀ ìwòran fìlàmíńgò ní Walvis Bay: èébú fún awakọ̀, oríyìn fún amọ̀nà

Nítorí awakọ̀ ojú omi tó gbé wa lọ wòran ni mo ṣe ń kọ èyí. A ti sún mọ́ agbo fìlàmíńgò kan, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, nínú ọ̀sà Walvis Bay, ní Nàmíbíà. Omi òkun ti fà, wọ́n dorí kodò sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń jẹun jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ní fọ́tò ìgbà tí wọ́n bá ń fò lòun fẹ́. Kíá ni awakọ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì, ó dojú ọkọ̀ kọ wọ́n. Ẹyẹ yìí kì í ṣàdédé gbéra. Ó ní láti sáré lójú omi kí ìyẹ́ tó gbé e. Gbogbo agbo tú ká gììrì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oníbàárà ló ń sanwó, ẹyẹ kì í sanwó. Mo tún sọ̀rọ̀, ó yí rédíò sókè.

(Ọkọ̀ mọ́, tíì gbóná. Ó tó.)

Mo gba ọ́fíìsì wọn lọ. Mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé láti 1995 ni ọ̀sà yìí ti wà lára àwọn àbàtà tí àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò àbàtà, kà sí pàtàkì ni? Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ na ìka sí ògiri: wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n fi férémù sí i! Àmọ́ ó kọ ẹjọ́ mi sílẹ̀ látòkè délẹ̀, ó bi mí bóyá omi ń fà ni àbí ó ń kún lásìkò náà. Kò dá kọ́bọ̀ padà o. Ó ní kí amọ̀nà kan, ọ̀dọ́kùnrin, mú mi rin etí ọ̀sà lọ́fẹ̀ẹ́.

Áà, ọmọ yẹn mọ ẹyẹ! Ó ní kí n fi ẹnu wọn sílẹ̀, kí n wo ẹsẹ̀. Ẹ̀yà ńlá ń yí po lójú kan, ó ń tẹ ẹrẹ̀ kí ohun jíjẹ abẹ́ rẹ̀ lè ru sókè. Ẹ̀yà kékeré, tí pupa àgógó rẹ̀ ṣókùnkùn, ohun aláwọ̀ ewé tín-ín-tín inú omi ló ń sẹ́ jẹ ní tiẹ̀. Inú oúnjẹ wọn ni àwọ̀ ara wọn ti ń wá. Wọn kì í yé ẹyin sí ọ̀sà yìí. Bí òjò bá kún Etosha, pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyọ̀ ńlá kan ní àríwá Nàmíbíà, wọ́n á fò lóru lọ sí àárín ilẹ̀, wọ́n á fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́, ẹyin kan ṣoṣo sì ni abo ń yé. Ẹyẹ tí wọ́n ń lé kiri nídìí oúnjẹ, báwo ló ṣe fẹ́ lágbára ìrìn yẹn? Mo bi í bóyá ó ti sọ èyí fún awakọ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní àbúrò bàbá òun ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ béèrè ẹni tó máa wa ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó.