Kọ̀nténà tí mo fi ṣe sàlúùnù l'Ọ́bántokò: orí ẹ̀ kọ́ ló lágbára o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kọ̀nténà 20 fíìtì tí mo fi ṣe sàlúùnù l'Ọ́bántokò, l'Abẹ́òkúta, kọ̀nténà yẹn dáa, iṣẹ́ àwọn wẹ́dà tó bá mi ṣe é ní Lafẹ́nwá náà dáa gan-an, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé irin ṣáà ni, kò sóhun tẹ́ ẹ ò lè gbé lé e lórí. Irọ́ ni.

Páànù orí ẹ̀ fẹ́lẹ́, bíi mìlímítà 2 péré. Àwọn òpó mẹ́rin tó wà ní igun ló lágbára. Nínú ọkọ̀ òkun tí wọ́n ti ń to mẹ́sàn-án léra wọn, igun ló ń jókòó lórí igun, ìdí ti òkè kì í kan páànù ti ìsàlẹ̀ rárá. Wọ́n kọ 192,000 kílò sára irin pélébé tó wà lára ilẹ̀kùn tèmi, àwọn èèyàn á rí i, wọ́n á rò pé páànù ni wọ́n ń sọ, òpó ni o. Ìdánwò tí ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà irú nǹkan báyìí kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ní kí wọ́n ṣe fún páànù ò ju 300 kílò lọ, lórí ibi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, torí àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń gun orí ẹ̀ ni, kì í ṣe torí ẹrù tó máa wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Sàlúùnù ò sì lè ṣe kó má lómi. Táńkì lítà 1000 ni mo rà, tó bá ti kún, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, a ò tíì ka táńkì fúnra ẹ̀. Ọ̀gá wẹ́dà ní "Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò ní gbé e sórí kọ̀nténà yẹn o", ló bá rọ ìdúró irin fún un lọ́tọ̀, kọnkéré ló gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé. Ó fowó kún owó mi lóòótọ́, àmọ́ mo gbóríyìn fún un, torí ọ̀pọ̀ ló máa gbowó ẹ tán tó máa kàn gbé e lé e.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gé ẹ̀gbẹ́ kan fún ilẹ̀kùn gíláàsì ni mo wá rí i pé wọ́n mọṣẹ́ gan-an. Ògiri yẹn wà lára ohun tó gbé irin etí òrùlé dúró, tẹ́ ẹ bá gé e kúrò láìfi nǹkan rọ́pò, irin yẹn á tẹ̀ wálẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n kọ́kọ́ fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe férémù yí ibẹ̀ po kí wọ́n tó fi mashíìnì gé e. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, orí ẹ̀ jin bí àwo, omi òjò ń dúró síbẹ̀, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá kun ún, títí mo fi ń pè wọ́n léraléra. Ooru náà pọ̀ kí n tó ní kí wọ́n ṣe òrùlé alúmí sókè ẹ̀, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn láàárín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wòkè bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò wọlé, kẹ́ ẹ sì wo ìdí àwọn òpó dáadáa bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé méjì léra wọn, igun ni kó jókòó sórí igun, kó sì da kọnkéré sábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó gbé ti ìsàlẹ̀ dé.