Ẹ̀rọ ìlọ kọfí fún ife kan ṣoṣo: oníná ni tàbí afọwọ́yí?

Ẹni tó ń wọn gíráàmù 15 láràárọ̀, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń mu ún kó tó jáde nílé, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Irú mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: oníná tó ní ike ńlá lórí, tí a ń da hóró kọfí kún, oníná tí wọ́n dìídì ṣe fún ìwọ̀n ife kan, bíi Niche Zero àti DF64, àti afọwọ́yí, bíi Timemore C2 àti Comandante C40. Ẹ má ra èyí tó ní abẹ bíi ti blẹ́ńdà rárá. Lẹ́búlẹ́bú àti hóró ló máa ń bọ́ sínú ife kan náà, kọfí á korò, á sì tún kan.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tó ń kù sínú ẹ̀rọ. Mo ti lo oníke ńlá rí, owó kọfí tí mo dànù nítorí rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Mo tú u, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀ mọ́, mo da gíráàmù 15 sí i: 12 ló jáde. Lọ́jọ́ kejì, 15 wọlé, 15 jáde. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti dára. Kò dára o! Tàná ló jáde, tòní ló gba ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọfí lílọ̀ kì í pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi ń ṣí lọ. Nígbà tí mo kúrò lórí kọfí tí wọ́n yan dúdú, tí mo bọ́ sí ti Mambilla tí wọ́n yan fẹ́ẹ́rẹ́, èérún dúdú wà káàkiri inú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n lọ ẹ̀gúsí níbi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata. Bí ẹ bá sì yí i kó lè kúnná sí i, ti ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá ló máa kọ́kọ́ jáde, ẹ ó sì rò pé yíyí náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ wá ń da gíráàmù 3 nù láràárọ̀ kó lè mọ́: àpò 250 gíráàmù tó yẹ kó fún yín ní ife 16 kò ní ju 13 lọ.

Bí hóró inú oníke ńlá bá kéré, ó tún máa ń ta sókè sódò, torí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín ẹ̀rọ, ibi tó ń lọ hóró.

Ní ti afọwọ́yí, eyín rẹ̀ wà lórí ife gan-an, kò síbi tí kọfí fẹ́ sá pamọ́ sí. Kò nílò iná. Kì í jí ọmọ. Bí kọfí bá ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, ẹ kán omi ẹyọ kan sórí hóró kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ìwádìí Yunifásítì Oregon tó jáde ní 2023 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Espresso, kọfí kíki tí ẹ̀rọ ń fi agbára tì jáde, tó ń fẹ́ kọfí tó kúnná gan-an, nìkan ló ń dá apá lágara, pàápàá tí wọn ò bá yan kọfí náà dúdú. Ẹni tó ń mu espresso lójoojúmọ́, tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ra Niche tàbí DF64; rọ́bà orí DF64 ni ẹ ó máa tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè lé ìyókù jáde. Oníke ńlá dára fún ilé tí èrò pọ̀ sí. Ẹni tó ń lo French press (ìgò onítẹ̀), moka (ìkòkò kọfí orí iná) tàbí bébà tí a fi ń sẹ́ kọfí, afọwọ́yí ti tó o, yóò sì ṣẹ́ owó kù.

Ẹ mú èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ irin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín. Bó bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ dá a padà fún wọn.