Ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tó ń bá èèyàn gbin koríko àti fúláwà kiri Akóbo, igi tí ò ní gbòǹgbò ló tà fún mi

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kólé, tówó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ kàn ń wá bí iwájú ilé ṣe máa ṣeé wò díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ, orúkọ tó sọ fún mi gan-an mi ò gbà pé òun ló ń jẹ́.

Ọdún tó kọjá la kó wọ ilé wa. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó bíríkìlà tẹ́ ẹ sanwó pẹ́ńtà tán, ohun tó máa kù níwájú ilé ò ju òkúta, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti erùpẹ̀ pupa tó jẹ́ pé tójò bá ti rọ̀ báyìí àwọn ọmọ á fẹsẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ wọ pálọ̀. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi dá àjọ, a kó o, ó jẹ́ ₦350,000, la bá ní ká fi ṣe iwájú ilé.

Ojú títì ni mo ti rí básì ọkùnrin yìí, fúláwà kún ẹ̀yìn ẹ̀, èmi ni mo dá a dúró. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, tá a bá ṣe é tán ẹ ò ní mọ̀ pé ilé yín ni." Ó fi fọ́tò ibi tó ti ṣiṣẹ́ hàn mí lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó ní ₦2,500 ni síkúwéà mítà kan fún káápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, ó yọ téèpù tiẹ̀, òun àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní 120 ni, owó koríko nìkan wá di ₦300,000. Mo tún ra igi 10 sí i, ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní masquerade yẹn, tó máa ń ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé ẹ̀ á dorí kodò bí aṣọ eégún.

Èmi ò gbé téèpù kankan. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ tán lọmọ mi tó wà ní JSS 2 lọ gbé téèpù bàbá ẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, mítà 12 lóròó, mítà 7 níbùú. 84 péré! Síkúwéà mítà 36 tí ò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ ayé ni mo sanwó ẹ̀, ₦90,000 nìyẹn.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n wá gbìn ín, òjò ti ń lọ. Wọn ò ṣa òkúta, wọn ò fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n kàn da ilẹ̀ dúdú lé e lórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, etí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ṣì ń yọ, wọ́n wá tẹ́ koríko lé e bí ẹní. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó rẹwà o, mi ò ní purọ́, àwọn aládùúgbò ń jáde wá kí wa kú oríire. Ó ya fọ́tò, mo san bálánsì ẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ karùn-ún, ó ti ń pọ́n. Mo pè é, ó ní "Mọ́mì, omi ni ò tó." A ra omi tánkà lẹ́ẹ̀mejì torí kànga ti ń gbẹ. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ ń ta pàrà lábẹ́ ẹsẹ̀. Inú bí mi, mo di ọ̀kan nínú àwọn igi yẹn mú, mi ò tiẹ̀ fi agbára fà á, ó yọ bí ìgbà téèyàn yọ orín lẹ́nu. Mo wo ìdí ẹ̀, kò sí gbòǹgbò kankan. Ẹ̀ka ni wọ́n gé! Wọ́n fi àdá gé e dábùú, ojú àdá ṣì hàn lára ẹ̀, wọ́n wá kì í bọnú erùpẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá. Mo fa ìkejì, mo fa ìkẹta, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló rí bẹ́ẹ̀. Mo pè é, fóònù ò lọ mọ́ títí dòní. A dé àdúgbò tó ní òun ń gbé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n.

Kò tán síbẹ̀. Òjò oṣù kẹrin rọ̀, koríko tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kan ló hù! Inú ilẹ̀ dúdú tó kó wá ló wà, ṣóńṣó ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó gún ọmọ mi àbúrò lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wú u tí gbòǹgbò funfun ẹ̀ bá já kù sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, á tún hù. A ṣì ń bá a jà.

Ìyá kan tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì ló là mí lóye, Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Ó ní kí n tó sanwó igi, kí n gbé ọ̀rá ẹ̀ sókè kí n wo ihò ìsàlẹ̀, gbòǹgbò gbọ́dọ̀ máa yọjú níbẹ̀, kí n sì rọra fa igi náà, tí ọ̀rá bá tẹ̀ lé e, ó dáa. Koríko náà, kí n dojú ẹyọ kan délẹ̀ kí n rí gbòǹgbò funfun wínníwínní bí òwú pẹ̀lú erùpẹ̀ lára ẹ̀. Tèmi, ewé lásán ni, ó jọ pé ọkọ́ ni wọ́n fi ha á.

Oṣù kẹfà ọdún yìí la tún un ṣe fúnra wa. A ṣa òkúta, a fi ọkọ́ tú ilẹ̀, a po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ mọ́ ọn (èyí tó tutù máa ń jó koríko o), mo ra koríko àpò 8 lọ́wọ́ ìyá yẹn, a fà á ya wẹ́wẹ́, a gbìn ín, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló wà láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Òjò ń bá wa bomi rin ín lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fà lọ lórí ilẹ̀ fúnra ẹ̀, kó tó di oṣù kẹsàn-án ó ti pàdé ara wọn níbi tó pọ̀. Àwọn fúláwà yẹ́lò bọ́ọ̀ṣì àti hibiscus tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ẹ̀ka ni mo gé nílé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo rì í bọlẹ̀ sábẹ́ ìbòòji, ó ta gbòǹgbò. Owó tá a ná lé gbogbo ẹ̀ ò tó ₦60,000.

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá fi fọ́tò hàn yín lórí fóònù, tẹ́ ẹ rí géètì búlúù kan, igi máńgòrò lápá ọ̀tún ẹ̀, koríko tútù yọ̀yọ̀ níwájú ẹ̀, ilé mi nìyẹn. Nígbà tó ń ya fọ́tò yẹn, koríko ọ̀hún ò tíì lo wákàtí mẹ́ta nílẹ̀.