Vorta: Borg tí kò ní ojú ti lójú báyìí

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Ìnáwó kan ṣoṣo ní Sátidé lè kó fọ́tò 2,000 lé mi lọ́wọ́, ẹni tó bá sì sọ fọ́tò ìgbéyàwó nù, kó yáa má dé àdúgbò àwọn ìyá ìyàwó mọ́. Borg, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi ń pa ẹ̀dà wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí Vorta, ètò mìíràn tó fún Borg ní fèrèsé àti bọ́tìnnì, ni, mi ò bá ti pa á tì tipẹ́.

Borg kò ní fèrèsé kankan. Inú terminal, ibi tá a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lẹ ti máa kọ àṣẹ gbọọrọ sí i, lẹ́tà kan tẹ́ ẹ bá ṣì kọ, ó di wàhálà. Vorta wá gbé e sójú: Repository ni ibi tí ẹ̀dà ń gbé, Sources ni fódà tẹ́ ẹ fẹ́ pa mọ́, Schedule ni àkókò, Archives ni gbogbo ẹ̀dà tó ti wà nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Linux àti Mac ló wà fún; ẹ̀yin oní-Windows, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Profile méjì, ìyẹn ìlànà ìpamọ́ méjì, ni mo ní. Ọ̀kan ń lọ sínú hard disk abẹ́ tábìlì, èkejì ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí kọ̀ǹpútà tó wà nílé àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti Lọ́ńdọ̀nù yìí ló jẹ́ kí n gba Vorta gbọ́. Nínú Schedule, orúkọ gbogbo Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà mi ti lò wà níbẹ̀; mo fi ti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo yọ hotspot fóònù mi kúrò. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo, kì í fọwọ́ kan dátà mi. Bí iná bá sì lọ lójijì, kì í tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 kọ̀ọ̀kan ni Borg ń sàmì sí ibi tó bá iṣẹ́ dé.

Ẹ gbọ́ èyí. Mo yí orúkọ fódà ìgbéyàwó kan padà, 64 GB. Àyà mi já: ṣé yóò tún gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni? Lóòótọ́ ó tún wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan, fáànù kọ̀ǹpútà ń han gooro, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tuntun náà kò gbà ju MB díẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú fáìlì ni Borg ń wò, kò kan orúkọ tẹ́ ẹ sọ fódà.

Ibi tó ti fìyà jẹ mí ni Prune, bọ́tìnnì tó ń yọ ẹ̀dà àtijọ́ kúrò. Mo ní kó fi ẹ̀dà ọjọ́ 7, ọ̀sẹ̀ 4 àti oṣù 6 sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ pòórá lójú mi, síbẹ̀ hard disk kún fọ́fọ́. Mo pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi pé fíìmù ló dà síbẹ̀. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Láti Borg 1.2, Prune kàn ń pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé ni. Compact ló ń dá àyè padà. Bọ́tìnnì Compact sì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kúkurú méjì lábẹ́ Prune ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Extract, tó ń mú fáìlì jáde padà látinú ẹ̀dà, dára, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù. Oníbàárà kan wá fọ́tò ìkómọ tí mo ti pa rẹ́. Mo yan ẹ̀dà, mo mú fódà yẹn nìkan, mo ní kó wá sórí Desktop. Ó parí, mi ò rí fọ́tò. Fódà kan tó ń jẹ́ «home» ni mo rí. Mo ṣí i, orúkọ mi. Mo ṣí ìyẹn, Pictures. Inú ibẹ̀ ni ọmọ tuntun wà, bí ẹni ń ṣí ìṣáasùn inú ìkòkò.

Pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ti ẹ̀dà yín pa ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i.

Ọmọ iṣẹ́ mi kò mọ terminal, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó gbálẹ̀, á ṣí Archives, á wo déètì ẹ̀dà tó kẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe ti àná, á pè mí.