Takouba àbí kaskara: èwo ni ẹni tó ń kó idà àtijọ́ jọ á kọ́kọ́ rà?

Idà olójú méjì ni méjèèjì, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀. Èèkù la fi ń dá wọn mọ̀. Ti takouba, idà àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ Sàhárà àti Haúsá, dà bí àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi awọ tàbí idẹ bò. Ti kaskara, idà Sudan, jẹ́ irin tó dábùú bí àgbélébùú.

Kaskara rọrùn láti rí, torí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ sílé lẹ́yìn ogun Omdurman ní Sudan ní 1898. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Kassala ní Sudan ṣì ń rọ ọ́ pẹ́ títí lẹ́yìn náà, òǹtajà á sì máa pe tuntun ní ti ayé Mahdi, olórí ẹ̀sìn tó gba Sudan ṣáájú ogun náà. Fọwọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá nípọn bákan náà láti èèkù dé ṣónṣó, tí kò sì ṣeé tẹ̀ rárá, fura sí i. Àmì òṣùpá ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ìlú òyìnbó ni irin rẹ̀ ti wá. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ náà ń fín in.

Takouba ni èmi á kọ́kọ́ rà. Irin rẹ̀ lè dàgbà ju èèkù lọ fíìfíì, torí bàbá á fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ á sì tún èèkù ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà ha á.