Open Prices: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ má retí iye owó Ìbàdàn

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀yin tèmi, mo ti ń lo API (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń bèèrè dátà) ti Open Prices, ìyẹn àkójọ iye owó ọjà ti àwọn Open Food Facts tó ń kó ìsọfúnni nípa oúnjẹ jọ, ó dáa o. Wọn ò ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka dátà wọn, wọn ò bèèrè káàdì báńkì, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ báákóòdù lẹ máa fi sí àyè tí wọ́n pè ní product_code, JSON, ìyẹn dátà tí ètò kọ̀ǹpútà lè kà, á sì jáde wéré. Mo fi 3017620422003 ti Nutella dán an wò, ló bá kó iye owó jáde rẹpẹtẹ, ti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rí i, kódà fọ́tò ìwé iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ọjà wà níbẹ̀, àbí kí lẹ tún fẹ́ jiyàn sí?

Ibi tó ti kù díẹ̀ ni pé àwa tá à ń lò ó náà la ń fi iye owó síbẹ̀, àwọn ará Faransé ló sì pọ̀ jù, yúrò lẹ máa rí ṣáá. Mílíìkì tí mo rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Bódìjà, mo wá a títí, òfo! Mo bá ṣí àkáǹtì, mo ya fọ́tò rìsíìtì mi, mo fi síbẹ̀.